Ibi Ìrántí Àwọn Ológun, Tafawa Balewa Square, Oníkan

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Ajah tàbí Lẹ́kì wá sí Oníkan ní Èkó, àwọn ẹṣin funfun àti ẹyẹ idì pupa tó wà lórí géètì ló máa kọ́kọ́ rí. Inú ọgbà ni ibi ìrántí wà. Pápá ìfẹṣinsáré ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ta àsíá òmìnira ní 1960. 1972 ni wọ́n kọ́ gbàgede yìí.

Àwọn tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì àti ogun abẹ́lé Nàìjíríà ni à ń rántí níbẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Bọ́mà ni ọ̀pọ̀ àwọn ṣọ́jà wa ti bá àwọn ará Japan jà, nínú igbó kìjikìji.

Oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe ìrántí yìí látijọ́. Ní báyìí, 15 oṣù kìíní ni, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Àwọn ṣọ́jà á dorí ìbọn kodò, gómìnà á bẹ̀rẹ̀, á gbé òdòdó kalẹ̀, wọn á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Bí ẹyẹlé bá kọ̀ tí kò fò, òun ni ìròyìn ọjọ́ náà! Àwọn ológun-fẹ̀yìntì àti àwọn opó náà máa ń gbé òdòdó tiwọn.