Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Pápá Ọkọ̀ Òfúrufú Láàárín Òkun

Oníṣòwò tí ó bá gbàgbé okùn sílé lè ra òmíràn lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ibi tí a ń lọ bá jẹ́ erékùṣù tí kò ní ọjà, tí ó fi nǹkan bí 1,000 máìlì jìnnà sí etíkun Áfíríkà ńkọ́?

Irú iṣẹ́ yìí ni ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Hitler. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ òfúrufú wọn máa fò láti Natal ní ilẹ̀ Brazil wá sí Accra, kí ó sì gba Kánò àti Maiduguri lọ sí ìhà Íjíbítì. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ náà kò lè gbé epo tí yóò tó sọdá òkun láìdúró. Ascension, erékùṣù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n yàn fún ibùdó epo. Kò tó máìlì 10 láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, àpáta sì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ọdún 1942, àwọn ọmọ-ogun tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀nà lílà àti ilé kíkọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀. Kò sí èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè sún mọ́. Ojú agbami ni wọ́n ti ń sọ katakata, símẹ́ǹtì àti oúnjẹ sínú ọkọ̀ kéékèèké, tí ìgbì sì ń bì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Omi mímu kò tó, nítorí náà wọ́n ní láti máa se omi òkun kí iyọ̀ rẹ̀ lè kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù sí lọ́rì mọ òfin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀: ohun tí a ó kọ́kọ́ lò ni a ń kó sí i gbẹ̀yìn. Bí katakata bá wà lábẹ́ àpò ìrẹsì, gbogbo òṣìṣẹ́ yóò káwọ́ gbera.

Síbẹ̀, ìṣirò kì í tán. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, ọkọ̀ òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì kan balẹ̀ níbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́. Àwọn Amẹ́ríkà kò mọ̀ pé ó ń bọ̀, ni wọ́n bá yìnbọn sí i kí wọ́n tó rí i pé ọ̀rẹ́ ni.

Lẹ́yìn tí pápá náà ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù keje, àwọn ẹyẹ òkun di wàhálà. Ìpẹ̀kun pápá ni wọ́n ń yé sí, bí ọkọ̀ bá sì ti ń gbéra ni agbo wọn ń fò dí i lójú. Àwọn ọmọ-ogun fi èéfín lé wọn, wọ́n kó ológbò wá, pàbó ni ó já sí. Nígbà tí wọ́n ké sí James Chapin, ọ̀mọ̀wé nípa ẹyẹ, ó ní ẹyin ni kí wọ́n fọ́. Wọ́n fọ́ nǹkan bí 40,000, àwọn ẹyẹ sì ṣí lọ sí ibòmíràn ní erékùṣù náà. Títí di òní, orúkọ àwọn ẹyẹ náà, Wideawake, ni pápá ọ̀hún ń jẹ́.

Katakata fọ́ àpáta, ṣùgbọ́n ẹnìkan tí ó mọ ìwà ẹyẹ ni ó parí iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń kọ ìwé ẹrù, kí ó kọ èyí mọ́ ọn: ta ni ó mọ ibi tí a ń lọ?