Ìkọ́ṣẹ́ ní Jámánì àti Ọ̀rọ̀ Ìwé Ìgbélùú

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìbéèrè kan ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí láti ẹnu àwọn tó ń wá yáwó nítorí ọmọ: ‘Akọ̀wé, ṣé lóòótọ́ ni pé bí ọmọ bá ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Jámánì, wọ́n á fún un ní ìwé ìgbélùú títí lọ?’ Ọ̀nà náà wà nínú òfin wọn. Ṣùgbọ́n ó gùn ju bí àwọn ejẹ́ǹtì ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Ausbildung ni wọ́n ń pe ìkọ́ṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ọdún méjì sí mẹ́ta àbọ̀ ni, ó sinmi lórí iṣẹ́ tí ọmọ bá yàn: ìtọ́jú aláìsàn, iṣẹ́ iná mànàmáná, búrẹ́dì ṣíṣe àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí, ọmọ á wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, á sì lọ sílé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tó kù. Kò jìnnà sí bí a ṣe ń fi ọmọ sọ́dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì níbí, àfi pé lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀gá ló ń sanwó fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́. (Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń ka èyí, ẹ má bínú sí wa o.) Fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 2025, òfin ní owó oṣù ọdún àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ dín ní 682 Yúrò. Ó lè má tó jẹun kó tún tó sanwó ilé, nítorí náà wọ́n lè béèrè ẹ̀rí owó mìíràn kí wọ́n tó fún un ní físà. Láti oṣù kẹta ọdún 2024, òfin gbà á láàyè láti fi wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn kún un.

Èdè ni ibi tó le jù. Ìpele B1 nínú èdè Jámánì ni wọ́n sábà ń béèrè fún físà, àwọn ọ̀gá mìíràn a sì máa béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ohun tí ọmọ ń kọ́ ní oṣù kan. Lẹ́yìn èyí ni àdéhùn tí ọ̀gá fọwọ́ sí. Ọmọ tí kò ní àdéhùn lọ́wọ́ kò tíì ní nǹkan kan, ohun yòówù kí ejẹ́ǹtì rẹ̀ máa wí.

Ẹ má sì rò pé ọjọ́ tí ọmọ bá ṣe fírídọ̀ọ̀mù ni ìwé ìgbélùú dé. Bó bá yege ìdánwò tó sì rí iṣẹ́ tó yẹ oníṣẹ́ tó gbàwé ẹ̀rí, ìwé tó ní gbèdéke ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un. Ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, kó sì san owó ìfẹ̀yìntì fún oṣù 24, kó tó lè béèrè fún èyí tí kò lópin. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́ta ìkọ́ṣẹ́, ọdún méjì iṣẹ́, ọdún márùn-ún nìyẹn, a ò tíì ka àkókò èdè. Bí àdéhùn bá bàjẹ́ láàárín ọ̀nà láìjẹ́ ẹ̀bi ọmọ, òfin fún un ní àyè tó tó oṣù mẹ́fà láti wá ọ̀gá mìíràn.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé òfin a máa yí. Lẹ́yìn ọdún 2001, Ọsirélíà ṣí irú ọ̀nà yìí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè sì sanwó ilé-ẹ̀kọ́ láti kọ́ oúnjẹ sísè àti irun ṣíṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2010, ìjọba fagi lé àkójọ iṣẹ́ tí wọ́n gbójú lé. Àwọn mìíràn ti náwó tán kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń bọ̀ wá gba fọ́ọ̀mù owó yíyá fún irú ìrìnàjò yìí, kó mú ẹ̀dà àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ àti ìwé ẹ̀rí èdè Jámánì ọmọ náà dání. Àwọn méjèèjì yìí ni ìgbìmọ̀ á kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó béèrè onídùúró.