Láti Ọ̀pẹ Dé Ìgbálẹ̀: Àwòrán Tó Ń Gbé Ìbò Délé àti Èyí Tó Ń Ṣi Olùdìbò Lọ́nà

Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sí èyí tó ń kan mẹ̀kúnnù àti ọlọ́lá lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà bí ìwé ìdìbò. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2019, ìbò 28,614,190 ni wọ́n dì fún ipò Ààrẹ. Kò sí orúkọ olùdíje kankan lórí ìwé náà, kò sì sí fọ́tò. Àmì ẹgbẹ́, lẹ́tà àkékúrú orúkọ ẹgbẹ́, àti àyè òfìfo tí àtàǹpàkò yóò tẹ̀: kò sí nǹkan mìíràn tí olùdìbò lè dì mú. Ẹni tó yàwòrán àmì náà àti ẹni tó tò ó sórí ìwé wà lára àwọn tó ń pinnu ibi tí ìbò yóò já sí, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwòrán ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ìdìbò àwọn ọdún 1950, títí kan ti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1959, àpótí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró ní tirẹ̀, wọ́n á sì lẹ àmì ẹgbẹ́ mọ́ ọn lára. Olùdìbò á gba ìwé, á wọ ibi tí wọ́n ta aṣọ bò, á wá àmì tó mọ̀, á sì ju ìwé sínú àpótí náà. Action Group mú igi ọ̀pẹ, NCNC mú àkùkọ, NEPU mú ìràwọ̀. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ìlọrin wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ rìn wọ ìlú náà nígbà tí ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Action Group. Àwọn Yorùbá kò yọ ara wọn lẹ́nu lórí orúkọ òyìnbó náà. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni wọ́n pè é, ó sì tán.

Àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ pé torí púrúǹtù ni wọ́n ṣe ń fi àwòrán dìbò. Ọ̀rọ̀ Ìlọrin fi hàn pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú àáfáà ni. Ọ̀pọ̀ àgbà ibẹ̀ ló jókòó kéú fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n mọ lẹ́tà Lárúbáwá ní àmọ̀dunjú, tí wọ́n sì ń fi í kọ èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n tí wọn kò kọ́ A, B, D. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n. Níwájú ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà òyìnbó nìkan kọ, àwòrán ló kù tí wọ́n lè gbójú lé. Àwọn obìnrin ìlú náà sì pẹ́ kí wọ́n tó débi ìbò rárá, nítorí jákèjádò Àríwá, ọdún 1976 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Nígbà ìdìbò ọdún 1979, ẹgbẹ́ márùn-ún péré ló wà. Lára wọn, NPN mú ilé àti àgbàdo, UPN mú ìmọ́lẹ̀, PRP mú kọ́kọ́rọ́. Ìwé ìdìbò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993. Ẹṣin SDP àti ẹyẹ idì NRC nìkan ló wà lórí rẹ̀, ó sì ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹṣin pe ẹyẹ.

Kí ló ń mú kí àmì kan dára? Wo ti APC. Ọwọ́ kan di ìgbálẹ̀ mú. Bí wọ́n bá dín àwòrán náà kù títí tó fi tó èékánná, ìdí ìgbálẹ̀ tí wọ́n so pọ̀ àti ẹnu rẹ̀ tó tú ká yóò ṣì hàn yàtọ̀ síra wọn. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣí, tó ku dúdú àti funfun, ìgbálẹ̀ náà ni. Kò sí ilé tí kò ní in, nítorí náà kò sí ẹni tó nílò àlàyé. Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ó ṣeé gbé lọ́wọ́. Bí ẹgbẹ́ náà bá ń ṣe ìpolongo, àwọn ènìyàn á gbé ìgbálẹ̀ gidi sókè, àmì á sì kúrò lórí pépà, á di ohun tí ojú rí tí ọwọ́ dì mú. Àbùradà PDP ní ẹ̀bùn kan náà: ẹni tó bá ṣí i ní gbàgede ti polongo ìbò láìsọ̀rọ̀.

Ní Ìlọrin lọ́dún 2019, ìgbálẹ̀ APC pàdé gbólóhùn ìpolongo “Ó tó gẹ́.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kéékèèké ni, èyí tó jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ lè tóbi dáadáa lára fìlà, lára ọkọ̀ àti lára ògiri, tí ẹni tó wà lórí ọ̀kadà tó ń sáré kọjá fi lè kà á tán. Ohun tó ń bí ará ìlú nínú ló mú wọn dìbò, kì í ṣe lẹ́tà. Síbẹ̀, ó ṣòro láti rí ìpolongo mìíràn ní Kwara tí ọ̀rọ̀ àti àwòrán ti ran ara wọn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2023, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Labour Party. Bàbá, ìyá àti ọmọ ló wà nínú àmì rẹ̀, káàkiri Nàìjíríà ni wọ́n sì ti ń pè é ní Papa, Mama, Pikin.

Àmì tí kò dára kì í ṣe èyí tí ọwọ́ ẹni tó yà á kò mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an; gbogbo èrò ẹgbẹ́ ló fẹ́ kó sínú rẹ̀. Òbìrí kan, àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà láàárín rẹ̀, ọwọ́ méjì tó bọ ara wọn, iná, ewé, ìwé, àwọ̀ ewé àti funfun, àti gbólóhùn ìwúrí tó yí i ká ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Lára pátákó ńlá ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó lè wu ojú. Lórí ìwé ìdìbò, ó di àbàwọ́n. Bí a bá bi ìyá àgbà kan léèrè ohun tó rí níbẹ̀, kò ní lè fún un lórúkọ, ohun tí a kò sì lè fún lórúkọ kò ṣeé rán ẹlòmíràn létí.

Irú àmì bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí ìwé ìdìbò Ààrẹ ọdún 2019. Olùdíje 73 ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì fi lẹ́tà àkékúrú tò wọ́n ní títò A, B, D. Nǹkan bí ogún ẹgbẹ́ ni orúkọ wọn fi A bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wá APC ní láti la àárín APA, APDA, APGA àti APM kọjá. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kẹta, lẹ́yìn APC àti PDP, ni PCP, pẹ̀lú ìbò 110,196. Ìpolongo ẹgbẹ́ náà kò hàn síta. Ohun tó hàn ni pé lẹ́tà orúkọ rẹ̀ fara jọ ti PDP, ó sì wà nítòsí rẹ̀ lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ tó yẹ èsì náà wò gbà pé àṣìtẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìbò wọ̀nyẹn, kò sì sí àlàyé mìíràn tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀.

Ìbò tó bàjẹ́ tún sọ tirẹ̀. Lọ́dún 2015, olùdíje 14 ló wà, ìbò 844,519 ló sì bàjẹ́, ìyẹn bí ìdá 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún 2019, ó di 1,289,607, ìdá 4.5. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, fagi lé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ 74 lọ́dún 2020, ó wá ku 18. Síbẹ̀, ìbò 939,278 tún bàjẹ́ lọ́dún 2023, ìdá 3.8. Gígé ìwé kúrú ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Tàdáwà tó ràn láti àyè kan bọ́ sí èkejì nígbà tí wọ́n ká ìwé wà lára ohun tó ń ba ìbò jẹ́. Àyè tí wọ́n fi ń tẹ̀ka sì wà lára ohun tí ẹni tó ṣètò ìwé lè fẹ̀ sí i.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní Palm Beach, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2000, wọ́n pín orúkọ àwọn olùdíje sípò Ààrẹ sí ojú ìwé méjì tó kọjú síra wọn kí lẹ́tà lè tóbi fún àwọn arúgbó, wọ́n sì to ihò tí wọn yóò lu sí àárín. Ìbò 3,407 bọ́ sọ́wọ́ Pat Buchanan níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ dìbò fún Al Gore. Ìbò 537 péré ni George Bush fi borí ní gbogbo Florida. Ní Gánà, fọ́tò olùdíje máa ń wà lórí ìwé ìdìbò pẹ̀lú àmì ẹgbẹ́. Ní Íńdíà, ayàwòrán kan, M. S. Sethi, wà lẹ́nu iṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò títí di ọdún 1992, tó ń fi pẹ́ńsùlù ya ohun tí ojú mọ̀ nílé àti lóko fún àwọn olùdíje láti fi ṣe àmì.

Òfin ìdìbò Nàìjíríà kò gbà kí ẹgbẹ́ lo àmì ìjọba, ti ọlọ́pàá tàbí ológun, ti ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà, tàbí àwòrán ojú ẹnì kan pàtó. Ó yẹ kó béèrè ohun kan sí i. Kí INEC tó fọwọ́ sí àmì tuntun, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa tóbi mọ lórí ìwé ìdìbò gan-an, ní dúdú àti funfun, kí wọ́n gbé e lọ sí Ọjà-Ọba ní Ìlọrin àti irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà ohun tí wọ́n rí. Àmì tí wọn kò bá rí orúkọ pè, kí wọ́n dá a padà fún ẹgbẹ́ tó mú un wá. Títí dìgbà náà, kí ẹni tó ní àgbà nílé fi àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò hàn wọ́n ṣáájú ọjọ́ ìbò, kí wọ́n lè mọ ibi tí àmì tí wọ́n ń wá wà.