Kọ́kọ́rọ́ Ńlá Inú Kọ̀ǹpútà: Ọwọ́ Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Wà?

Ní ayé àtijọ́, inú ìwé ńlá ni akọ̀wé ilé iṣẹ́ ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sí, a sì ń ti ìwé náà mọ́ inú àpótí irin. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni báǹkì, ilé ìwòsàn àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba ń pa irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó ní owó ní báǹkì.

Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ń lo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ní àkáǹtì tirẹ̀, èyí tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní páswọ́ọ̀dù, ṣí. Àkáǹtì akọ̀wé kò gbọdọ̀ kọjá iṣẹ́ akọ̀wé. Ṣùgbọ́n àkáǹtì kan wà tí agbára rẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ: èyí ni àkáǹtì alábòójútó. Ẹni tí ó bá ní in lè dá àkáǹtì titun sílẹ̀, ó lè yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ẹlòmíràn padà, ó sì lè pa àkọsílẹ̀ rẹ́ ráúráú. Ó dà bí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tí ó ń ṣí gbogbo yàrá inú ààfin.

Ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà rí ewu tí ó wà nínú kí irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ní oṣù keje ọdún 2008, òṣìṣẹ́ kan tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ tí ó so àwọn kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú náà pọ̀ kọ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó ní àwọn tí ó ń béèrè rẹ̀ kò tóótun láti gbà á. Ẹ̀rọ náà kò dúró, ṣùgbọ́n ìjọba kò ní àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́. Ọlọ́pàá mú ọkùnrin náà; ó sì di ìgbà tí Gavin Newsom, olórí ìlú náà nígbà náà, lọ bá a ní àtìmọ́lé kí ó tó sọ ọ́. Ní ọdún 2010, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 4.

Ewu kejì ni kọ́kọ́rọ́ tí a gbàgbé. Ní ọdún 2021, àwọn ọ̀daràn gba inú àkáǹtì àtijọ́ kan, tí kò yẹ kí ó ṣì máa ṣiṣẹ́, wọ inú kọ̀ǹpútà Colonial Pipeline, ilé iṣẹ́ tí ó ń fi ọ̀pá gbé epo ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé nìkan ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà. Ní oṣù karùn-ún, ilé iṣẹ́ náà ti ọ̀pá epo pa fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì san nǹkan bí mílíọ̀nù 4.4 dọ́là fún àwọn ọ̀daràn náà. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ilé iṣẹ́ ṣe nìyí. Èkíní, kí alábòójútó ní àkáǹtì méjì: ọ̀kan fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, èkejì fún iṣẹ́ ńlá nìkan. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yá ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀, kí a lè mọ ẹni tí ó ṣe ohun tí a bá rí. Ẹ̀kẹta, kí a fi ẹ̀rí kejì kún un, irú bí nọ́ńbà tí ó ń yọ lórí fóònù onítọ̀hún. Ẹ̀kẹrin, kí a ti àkáǹtì òṣìṣẹ́ pa ní ọjọ́ gan-an tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, kí a fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ọjọ́ ìṣòro sínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, kí ó wà nínú àpótí irin, kí a má sì ṣí i láìsí ẹlẹ́rìí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ó bá lo kọ̀ǹpútà máa bi ara rẹ̀. Àwọn wo ni kọ́kọ́rọ́ ńlá wà lọ́wọ́ wọn? Kí ni wọ́n fi ṣe ní oṣù tí ó kọjá? Bí àìsàn bá dá ọ̀kan nínú wọn dúró lọ́la, ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn? Ọ̀gá tí kò bá rí ìdáhùn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi iná sí orí òrùlé, ó sì ń sùn.