Ààrò Mẹ́ta Kì Í Da Ọbẹ̀ Nù: Yunifásítì, Kánsù àti Àwa Ọlọ́jà

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ààtàn ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Kò sí ẹni tó ń tajà nílùú ńlá tí ààtàn ò tíì bà lọ́kàn jẹ́ rí. Òjò á rọ̀, omi dúdú á ṣàn wá síwájú ìsọ̀, eṣinṣin á bo ọjà, oníbàárà á fi ìborùn bo imú, á ní "Ìyá, mò ń bọ̀." Ṣé yóò padà wá? Kò ní padà mọ́. Báyìí ni ìdọ̀tí ṣe ń jẹ èrè wa kí a tó ka owó.

Bí ọ̀rọ̀ ààtàn bá ti délẹ̀, oríṣi ènìyàn méjì ló máa ń wá bá wa. Àkọ́kọ́ ni kánsù, pẹ̀lú wọléwọlé àti ìwé ìtanràn. Ìkejì ni àwọn ará yunifásítì, pẹ̀lú bírò àti ìwé ìbéèrè. "Ìyá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń gbálẹ̀ lọ́sẹ̀? Níbo lẹ ń da ilẹ̀ sí?" A ó dáhùn, wọn á kọ ọ́, wọn á dúpẹ́, ó di gbére. Ó pọ̀ débi pé ọ̀kan nínú àwa àgbà ọjà bi ọmọ iléèwé kan pé: "Ọmọ mi, èyí tí àwọn ẹgbọ́n yín kọ lọ́dún tó kọjá, ṣé ó ti sọnù ni?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn wá.

Ìdí nìyí tí a fi jókòó rò ó pé: bí àwọn ọ̀mọ̀wé àti ìjọba bá pa ọwọ́ pọ̀ lórí ìlú, ṣé nǹkan gidi lè tibẹ̀ jáde fún ọlọ́jà? Ìdáhùn wa ni pé ó lè tibẹ̀ jáde, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí, nílùú Ìbàdàn níbí.

ỌJÀ ÀTI YUNIFÁSÍTÌ LÁBẸ́ KÁNSÙ KAN

Ọdún 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀. Ní 1987, ìjọba kó àwọn olóúnjẹ kúrò ní Orítamẹ́rin tó ti há jù, wọ́n kó wọn lọ sí Bódìjà, níbi tí kò jìnnà sí géètì yunifásítì. Ẹni tó bá ti dé Bódìjà mọ̀ ọ́n: ọkọ̀ ẹ̀wà, ọkọ̀ àgbàdo, ọkọ̀ àlùbọ́sà àti tòmátì láti òkè Ọya, iṣu, èlùbọ́, pákó lọ́tọ̀; odò ẹran náà sì wà níbẹ̀ nígbà kan rí. Nígbà tí wọ́n pín ìjọba ìbílẹ̀ ààrin Ìbàdàn sí márùn-ún ní 1991, Bódìjà àti yunifásítì bọ́ sábẹ́ kánsù kan náà, ìyẹn Àríwá Ìbàdàn. Aládùúgbò ni wọ́n, ṣùgbọ́n aládùúgbò lè gbé pọ̀ lógún ọdún kí wọ́n má mọ orúkọ ara wọn.

Láàárín àwọn ọdún 1990, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn ìlú ńlá, kí ìlú lè máa dàgbà láì ba omi, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ìbàdàn wà lára ìlú tí wọ́n mú. Orúkọ tí wọ́n pe ti Ìbàdàn ni Sustainable Ibadan Project. SIP ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ohun tó mú ètò yìí yàtọ̀ ni pé kì í ṣe kọngiláàkítọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ìpàdé ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Wọ́n ní kí ìjọba ìpínlẹ̀, kánsù, àwọn ọ̀mọ̀wé, oníṣòwò àti ará àdúgbò jókòó pọ̀, kí kálukú sọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó àti ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ọjà Bódìjà wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀wò.

ÀÀTÀN DI AJÍLẸ̀

Èso tó hàn sójú jù lọ nínú irú àjọṣe yìí ni ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjà Bódìjà ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ín. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn ló mú ìmọ̀ wá. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n M. K. C. Sridhar, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni nípa ìmọ́tótó àyíká ní yunifásítì náà. Òun àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ibẹ̀ ló wò ó pé ìdọ̀tí ọjà kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Èèpo iṣu, ewé ẹ̀fọ́, háhá àgbàdo, tòmátì tó ti rà, àti ìgbẹ́ màlúù láti odò ẹran: oúnjẹ ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí kò ṣòro. Ẹni tó bá ti ṣe irú rí mọ̀ pé bí a bá da irú sínú agbọ̀n, tí a fi ewé àti aṣọ bò ó, bí a bá ṣí i lọ́jọ́ kejì, ooru ni yóò kọ́kọ́ gbá wa lójú. Báyìí náà ni òkìtì ewé àti ìgbẹ́ ẹran ṣe máa ń gbóná. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ló ń jẹ ẹ́, iṣẹ́ wọn ló sì ń mú ooru wá. Bí ooru náà bá ju ìwọ̀n 55 lọ fún ọjọ́ mélòó kan, yóò pa ẹyin aràn àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn. Wọn á máa yí i, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Wọn á máa wọ́n omi sí i, bí ó bá gbẹ jù. Lẹ́yìn bí oṣù méjì sí mẹ́ta, òórùn ti lọ, ohun tó kù dúdú bí ilẹ̀ oko tuntun. Wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á dì í sápò. Oríṣi méjì ni Pacesetter: èyí tí wọ́n fi èròjà mìíràn kún kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, àti èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀fọ́ tó rà ní ìsọ̀ wa padà sóko, ó di ẹ̀fọ́ mìíràn, àgbẹ̀ tún gbé e wá fún wa ká tà. Ajé ò sọnù, ọ̀nà ló yí.

ẸRAN ÀTI IṢÁN OMI

Wọn ò dúró síbẹ̀. Ní 2005, ètò kan tí wọ́n pè ní Cows to Kilowatts gba ẹ̀bùn SEED, tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń dù. Èrò wọn ni pé kí ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ láti odò ẹran Bódìjà má ṣe máa ṣàn lọ sínú odò mọ́, kí wọ́n dà á sínú àgbá tí atẹ́gùn ò lè wọ̀, kí ó mú gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀ wá. SIP wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ kan láti Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, yunifásítì kan láti ilẹ̀ Thailand náà sì wà níbẹ̀, nítorí pé wọ́n ti mọ iṣẹ́ gáàsì yìí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ rò ó wò: ọ̀rọ̀ ìfun màlúù Bódìjà dé etígbọ̀ọ́ ayé!

Kí ló wá kàn wá nínú odò? Ẹ bi ará Ìbàdàn. Ní 1980, Ògùnpa kún bo ìlú, ẹ̀mí tó lọ lé ní 200. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé. Ó lé ní 100 ènìyàn tó bá a lọ, afárá wó, omi sì wọ inú ọgbà yunifásítì fúnra rẹ̀. Omi ò mọ ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì mọ alága kánsù. Òjò ló fà á, ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi náà sì dá kún un, ṣùgbọ́n náílọ̀n àti ìdọ̀tí tí a dà sí gọ́tà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ẹ̀yáwó fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Gbèsè ni, ọmọ wa ni yóò san án.

IBI TÍ IṢẸ́ TI MÁA Ń BÀJẸ́

A ò ní tan ara wa. Ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ báyìí ló máa ń dára níbẹ̀rẹ̀, tí yóò wá rẹ̀yìn. Owó àwọn òyìnbó á tán. Ọmọ iléèwé á gboyè, á lọ. Alága kánsù á parí sáà rẹ̀, ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á ní òun ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀rọ á dúró nítorí iná tàbí dísù.

Àmọ́ ohun kan wà tí kì í ṣe ẹjọ́ wọn. Náílọ̀n kì í jẹrà. Bí náílọ̀n, ìgò àti bátìrì bá ti dàpọ̀ mọ́ èèpo iṣu, àgbẹ̀ wo ló fẹ́ dà á soko? Ọwọ́ ta ni náílọ̀n ti ń jáde? Ọwọ́ àwa ni. Ẹ̀rọ kankan ò lè ṣà á tán bí ọwọ́ tó dà á nù bá kọ̀ láti yà á sọ́tọ̀.

Àwa náà ti rí tiwa. Kánsù kan gbé dúrọ́ọ̀mù wá sọ́jà tí a ń ná, a yọ̀, a jó. Kò sẹ́ni tó bi wá pé níbo ni ká gbé e sí, ọjọ́ wo ni ká máa kó o. Láàárín oṣù kan, ó kún, ó dà sílẹ̀, ìdin gba ibẹ̀. Nígbà tó yá, dúrọ́ọ̀mù di ohun tí wọ́n fi ń pọn omi nílé ẹni tí a ò mọ̀. Ìmọ̀ lè wà, àṣẹ lè wà. Bí ọlọ́jà ò bá sí níbi ìpàdé, òfo ni.

Ohun tí a rí kọ́ nìyí: ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìmọ̀ wà lọ́dọ̀ yunifásítì. Àṣẹ àti ilẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba. Ìdọ̀tí fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Bí ọ̀kan bá yọ níbẹ̀, ìkòkò á dojú dé.

OHUN TÍ Ó YẸ KÁ ṢE

Kí a mọ ẹ̀tọ́ wa lákọ̀ọ́kọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999, nínú Àfikún rẹ̀ Kẹrin, kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé iṣẹ́ kánsù ni ọjà, odò ẹran, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba àti kíkó ìdọ̀tí. Kì í ṣe ojú àánú ni wọ́n ń ṣe wá. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 sì ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé tààrà lọ́wọ́ kánsù ni kí owó kánsù máa lọ. Nítorí náà, bí a bá ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹnu wa gbà á láti béèrè ibi tí ó ń lọ.

Lẹ́yìn èyí, a dá a lábàá pé:

1. Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní agbọ̀n méjì: ọ̀kan fún ohun tó ń jẹrà, ọ̀kan fún náílọ̀n àti agolo.

2. Bí ará yunifásítì bá wá béèrè ọ̀rọ̀, kí a gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ọmọ wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ìyálọ́jà gba àdéhùn lọ́wọ́ wọn pé wọn á padà wá sọ ohun tí wọ́n rí, ní èdè tí gbogbo wa gbọ́.

3. Kí ẹgbẹ́ yan ẹni mẹ́ta, kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́, tí yóò máa jókòó pẹ̀lú kánsù àti yunifásítì nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ọjà bá délẹ̀.

4. Kí a kọ àdéhùn sílẹ̀, kí a fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́, kí alága tuntun má baà sọ pé òun ò mọ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, iléèwé tí a fi èrè ata àti èlùbọ́ rán ọmọ lọ, kò yẹ kó jẹ́ àjèjì sí wa. Kánsù tí a ń sanwó fún, kò yẹ kó jẹ́ pé ìtanràn nìkan ló ń bá wa sọ. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n wá jókòó lórí àpótí wa, ká bá wọn sọ ọ́, kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.

Ọjà á tà o. Omi ò ní gbé wa lọ. Àṣẹ.