Ẹ̀bùn Ńlá àti Ẹ̀bùn Àṣesílẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Eléré: Ohun tí Ẹgbẹ́ Kékeré ní Kudenda Lè Rí Kọ́ Lára MUSON

Ìfáárà

Níbi tí Yorùbá bá pọ̀ sí, yálà nílé tàbí nídàálẹ̀, ìlù kì í jìnnà síbẹ̀. Kudenda, ní ìjọba ìbílẹ̀ Chikun, ní apá gúúsù ìlú Kàdúná, kò yàtọ̀. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló kó ọ̀pọ̀ èrò wá sí agbègbè náà, Yorùbá sì wà lára wọn. Ẹgbẹ́ oníjó tàbí ẹgbẹ́ eléré tí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá dá sílẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ilé-ìwé kò ráyè ṣe tán: níbẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Haúsá ti ń gbọ́ oríkì, tó ń kọ́ ìlù, tó sì ń sọ Yorùbá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú pàṣán dání. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ibi tí owó ẹgbẹ́ ti ń wá, ìdáhùn kì í gùn: owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́, owó òde ìnáwó, àti láńṣìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ọ̀nà méjì mìíràn. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀bùn ńlá, ìyẹn owó tàbí dúkìá tí ẹnì kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ pàtó, tó pọ̀ débi pé olúwarẹ̀ ní láti jókòó rò ó kó tó ṣe é. Èkejì ni a ó pè ní ẹ̀bùn àṣesílẹ̀, nítorí Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá: ẹ̀bùn tí ènìyàn ṣètò lónìí tí yóò tẹ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú, pàápàá nípasẹ̀ ìwé ìhágún. Èrò wa ni pé àìsí olówó kọ́ ló ń dí ẹgbẹ́ kékeré lọ́wọ́ jù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kò tíì di ohun tí ọlọ́rẹ lè gbé ẹ̀bùn lé lọ́wọ́.

Ìnáwó yàtọ̀ sí ẹ̀bùn

Owó tí a lẹ̀ mọ́ oníjó níwájú orí, ti ẹni tó jó ni. Ẹgbẹ́ kì í rí i kọ sínú ìwé. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007, ní abala 21, tilẹ̀ ti sọ fífọ́n náírà lóde ayẹyẹ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ti láńṣìn náà kò dán mọ́rán. Alága ọjọ́ yóò kéde iye gọbọi, èrò yóò pàtẹ́wọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò sì wá lo ọdún kan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ìwádìí Joel Adédèjì fi hàn pé ààfin Ọ̀yọ́ ni eré alárìnjó ti yọrí kó tó bọ́ sí ìta gbangba. Abẹ́ ọba ni eléré wà. Nígbà tí Hubert Ògúnǹdé dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, tí Dúró Ládiípọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo ní 1962, olórí ẹgbẹ́ ló ń ru ẹrù náà fúnra rẹ̀. Ládiípọ̀ kú ní 1978, Ògúnǹdé ní 1990. Iṣẹ́ wọn kò parẹ́, àwọn ará ilé wọn sì sapá, ṣùgbọ́n irú ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ ti ẹnì kan máa ń tẹ̀ lé olówó rẹ̀ lọ. Ta ni ìbá fi ilé sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìhágún?

Bí MUSON ṣe ṣe é

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa jù ni MUSON, ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1983. Ọ̀kan lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ ni Akíntọ́lá Williams, àgbà akáńtáǹtì tó lọ sílé lẹ́ni ọdún 104 ní 2023. A kò rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni pé oníṣirò wà nídìí ẹgbẹ́ olórin. Ilé MUSON wà ní Oníkan. Gbọ̀ngán ńlá ibẹ̀ ń jẹ́ Shell Hall, èyí tó kéré ń jẹ́ Agip Recital Hall: orúkọ ilé-iṣẹ́ elépo méjì. Láti 2006, àjọ aláàánú MTN ló ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dípúlómà ilé-ẹ̀kọ́ orin ibẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wò ó bí ohun tí wọ́n ń tọrọ ṣe yàtọ̀ síra: ilé fún ẹni tó fẹ́ kí orúkọ òun wà lára ògiri, ẹ̀kọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn ọ̀dọ́.

Orúkọ náà ní ewu tirẹ̀. Ní New York, Avery Fisher fi dọ́là mílíọ̀nù 10.5 ta gbọ̀ngán kan lọ́rẹ ní 1973, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é láìdá ìgbà. Nígbà tí wọ́n nílò owó àtúnkọ́, mílíọ̀nù 15 ni wọ́n gbà láti san fún ìdílé Fisher kí orúkọ náà tó kúrò, kí David Geffen tó mú mílíọ̀nù 100 wá ní 2015. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọ orúkọ ọlọ́rẹ sára yàrá ìdánrawò ní Kudenda, kó kọ iye ọdún rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn.

Bí a ṣe ń tọrọ rẹ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kíkọ lẹ́tà ìtọrọ sí olówó tí kò mọ ẹgbẹ́ rí. Ẹ̀bùn ńlá ń fẹ́ sùúrù. Ẹ pe ẹni náà wá wo ìdánrawò, kì í ṣe ọjọ́ ayẹyẹ nìkan. Ẹ jẹ́ kí ó mọ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lórúkọ. Ẹ béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè owó. Ní Kudenda, a kò retí pé kí olówó ńlá wà ní gbogbo ojúlé. Ẹ wo àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́, àwọn oníṣòwò, àti ọmọ àdúgbò tó ti lọ sí Àbújá, Èkó tàbí òkè òkun tí àárò ibẹ̀ ṣì ń sọ.

Nígbà tó bá tó àkókò, ẹni tí ọlọ́rẹ náà bọ̀wọ̀ fún ni kó sọ̀rọ̀, kó sì dárúkọ iye. Níbí ni ìtìjú ti máa ń mú wa. A ó ní, “Ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí yín lọ́kàn,” ọlọ́rẹ tó ìbá ra odidi ọ̀wọ́ ìlù á sì fi owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé wa lọ́wọ́. Ó sàn kí a wí pé: “Bàbá, ó di ọdún mẹ́ta tí ẹ ti ń wo àwọn ọmọ yìí. Ọ̀wọ́ dùndún kan ni ìlù wọn kù, iye tí oníṣọ̀nà dá lé e nìyí. A fẹ́ kí ẹ bá wa dá a gbé.” Lẹ́yìn náà, kí a dákẹ́, kí bàbá náà rí àyè rò. Bí ó bá ṣe é, kí ó rí ìlù náà, kí ó rí rìsíìtì rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ọ kí ọdún tó yí po.

Ẹ̀bùn àṣesílẹ̀

Augustus Juilliard, oníṣòwò aṣọ ní Amẹ́ríkà, kú ní 1919. Ìwé ìhágún rẹ̀ fi owó ńlá sílẹ̀ fún ìtẹ̀síwájú orin, láti inú rẹ̀ sì ni ilé-ẹ̀kọ́ orin Juilliard ti jáde ní 1924. Kàdúná náà mọ owó aṣọ: Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, UNTL sì ti ilẹ̀kùn ní 2007. Àwọn aláṣọ lọ. Ọ̀rọ̀ Juilliard fi hàn pé owó aṣọ lè pẹ́ ju ilé-iṣẹ́ aṣọ lọ bí wọ́n bá tètè yà á sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ikú kò rọrùn í sọ lójú àgbà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pé “nígbà tí ẹ bá kú”. Ọ̀rọ̀ ogún ìlù àti orúkọ rere ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí ọlọ́rẹ fúnra rẹ̀ sì bá lọ́yà rẹ̀ sọ ìyókù. Ìwé ìhágún ń fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ papọ̀ nígbà ìfọwọ́sí. Ẹni tí a fi nǹkan sílẹ̀ fún kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò pàdánù ẹ̀bùn náà. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá hágún. Mùsùlùmí, tó pọ̀ láàárín Yorùbá Kàdúná, kò lè fi ju ìdá mẹ́ta dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe àjogún, ó sì yẹ kó bi àáfà rẹ̀ léèrè bóyá eré wà lára ohun tí wọ́n lè fi í ṣe. Kí ẹgbẹ́ má ṣe bá a jiyàn lórí èyí.

Gbogbo èyí dúró lórí ìforúkọsílẹ̀. Lábẹ́ Apá F òfin CAMA ti ọdún 2020, ẹgbẹ́ tó bá forúkọ ìgbìmọ̀ alábòójútó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC di ẹ̀dá òfin tó lè ni ilẹ̀, tí kì í sì í bá olórí rẹ̀ kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni àkáǹtì báńkì tí ẹni méjì ń fọwọ́ sí, àti ìṣirò ọdọọdún tí ọlọ́rẹ lè béèrè fún láìjẹ́ pé ojú ẹnikẹ́ni fà ro.

Ó ku bí a ó ṣe tọ́jú ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń fi owó náà pamọ́, wọ́n á sì máa ná èrè orí rẹ̀ nìkan. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀wọ́n ọjà lè jẹ olú owó tán ní báńkì láàárín ọdún díẹ̀. Nítorí náà, bí àgbà kan bá béèrè èyí tó yẹ kí òun fi sílẹ̀, owó tàbí ṣọ́ọ̀bù méjì lẹ́bàá ọjà, kí ẹgbẹ́ tọrọ ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì rí i pé ìwé rẹ̀ pé.