Bí Bánkì Bá Fẹ́ Ta Ilé Yín: Ẹ Má Fi Lẹ́tà Pamọ́ Sábẹ́ Ìbùsùn

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ilé ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fi ìwé ilé dógò ní bánkì kí a lè rí owó ra ọjà. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìwé ilé ọkọ tàbí ti bàbá wọn ni wọ́n kó lọ. Bí ọjà bá tà, kò sí wàhálà. Bí kò bá wá tà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ bánkì náà. Aṣọ ló ń tà. Ó fi ìwé ilé rẹ̀ yáwó, ó fi owó náà kó ọjà. Ọjà wá gbówó lórí, àwọn oníbàárà kò rà mọ́, gbèsè bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Lẹ́tà àkọ́kọ́ dé láti bánkì, ẹ̀rù bà á, ó fi pamọ́ sábẹ́ ìbùsùn. Ìkejì dé, ó tún kó o síbẹ̀. Ìkẹta dé láti ọwọ́ lọ́yà, kò tilẹ̀ já a. Kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún ọmọ, kò sọ fún ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ kan ló ti ọjà dé, ló bá bá àwọn kan lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń fi téèpù wọn ilẹ̀ ilé rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti rà á.

Ìgbà yẹn ló tó sáré wá bá wa. A mú un lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Lọ́yà ka àwọn lẹ́tà náà tán, ó mi orí, ó ní, "Ìyá, oṣù mẹ́ta wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ yìí tí ẹ ìbá fi ṣe nǹkan." Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá wọra. A wá jókòó ti lọ́yà náà, a bi í ní gbogbo ohun tó yẹ kí a ti béèrè tẹ́lẹ̀. Àwa tí a ń kọ èyí kì í ṣe lọ́yà o, ìwé mẹ́fà la kà. Ohun tó yé wa la ń sọ fún yín, nítorí ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

IRÚ ÌWÉ WO LẸ FỌWỌ́ SÍ?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyí, nítorí ọ̀nà méjì ni a ń gbà fi ilé dógò ní bánkì.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí lọ́yà ṣe ìwé àdéhùn ńlá, kí ẹ buwọ́ lù ú, kí Gómìnà fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níléeṣẹ́ ilẹ̀. Bó bá jẹ́ irú èyí ni, bánkì lágbára láti ta ilé náà fúnra rẹ̀ láìlọ sí kóòtù, bí ọjọ́ bá ti pé tí ẹ kò san owó.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ kàn kó ìwé ilé fún bánkì mú dání, láìṣe ìwé àdéhùn ńlá. Bánkì kò lè dá irú ilé yìí tà. Ó gbọ́dọ̀ lọ sí kóòtù kí adájọ́ tó pàṣẹ títà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Àwọn bánkì mìíràn máa ń fi ìwé kékeré kan sáàárín tó fún wọn láṣẹ láti tà á lórúkọ yín. Gbogbo ohun tí ẹ bá ti fọwọ́ sí, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó yàtọ̀ sí títà, ìyẹn ni kí bánkì sọ ilé di tirẹ̀ pátápátá. Bánkì kankan kò lè dá èyí ṣe. Kóòtù nìkan ló lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀, adájọ́ á sì kọ́kọ́ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ fi máa sanwó kó tó di pé ó ti ilẹ̀kùn.

ỌJỌ́ MÉLÒÓ LA NÍ?

Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1959, tí àwọn ìpínlẹ̀ bí Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Òndó jogún. Òfin yìí sọ pé bí ọjọ́ sísan tilẹ̀ ti kọjá, bánkì kò gbọ́dọ̀ tíì tà àfi bí ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta yìí bá ṣẹlẹ̀:

1. Kí bánkì ti kọ̀wé béèrè owó rẹ̀, kí oṣù 3 sì kọjá láìsan án.

2. Kí èlé orí owó ti wọ gbèsè fún oṣù 2.

3. Kí ẹ ti yẹ àdéhùn mìíràn tó wà nínú ìwé.

Àmọ́ bí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí bá gé ọjọ́ yìí kúrú, ohun tó wà nínú ìwé ni wọn yóò tẹ̀lé. Àwọn ará Èkó ní òfin tiwọn tí wọ́n ṣe ní 2010, kí wọ́n bi lọ́yà wọn.

Ṣé ẹ wá rí i? Lẹ́tà àkọ́kọ́ kọ́ ló ń gba ilé lọ́wọ́ ẹni. Ìgbà tó bá dé ni ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

KÍ LA LÈ ṢE NÍNÚ ỌJỌ́ NÁÀ?

Ẹ fèsì. Ẹ mú ẹni tó lè kàwé, kí ẹ dá lẹ́tà padà. Ẹ jẹ́ kí bánkì lu òǹtẹ̀ gbígbà sórí ẹ̀dà tiyín. Ẹ béèrè ìwé ìṣirò àkáǹtì yín láti ọjọ́ tí ẹ ti yáwó, kí ẹ yẹ ojú owó àti èlé wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àṣìṣe ń bẹ nínú ìṣirò bánkì bó ṣe ń bẹ nínú tiwa.

Ẹ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú díẹ̀ dání, kí ẹ ní kí wọ́n tún ọjọ́ sísan pín. Owó ni bánkì ń wá, kò wá ilé. Ohun tí ẹ bá jọ sọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àdéhùn ẹnu nìkan kò dúró níwájú adájọ́. Ẹ má sì rò pé ẹ lè kó owó pamọ́ sí bánkì mìíràn. Láti 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti gbé ìlànà kan jáde tí bánkì tí a jẹ ní gbèsè fi lè fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì wa níbòmíràn.

Bí ẹ bá rí i pé kò sí ọ̀nà, ẹ fúnra yín tà á. Ẹ sọ fún bánkì pé ẹ fẹ́ wá ẹni tó máa rà á. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta gàrí lọ́dọ̀ wa ṣe bẹ́ẹ̀. Pápá ilẹ̀ kan tó ní lẹ́yìn ìlú ló tà, ó fi san gbèsè, ó sì gba ìwé ilé rẹ̀ padà. Ẹni tó ń tà fúnra rẹ̀ a máa dúró ná ọjà. Bánkì kò ní bá yín dúró. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní orílẹ̀-èdè yìí ti sọ ọ́ ní 1973 pé owó tó kéré nìkan kò tó láti fagi lé títà bí kò bá sí jìbìtì tàbí ọgbọ́n àrékérekè níbẹ̀. Nítorí náà ẹ má gbọ́kàn lé e pé ẹ ó lọ wí ní kóòtù pé wọ́n ta ilé yín lọ́pọ̀.

Ẹ rà á padà. Ẹ̀yin tí bàbá yín fi oko kòkó dógò rí mọ̀ pé nínú àṣà wa, ìdógò kì í pẹ́ títí kó di títà. Ìgbàkígbà tí ọmọ bá mú owó wá, wọ́n á tú oko sílẹ̀. Ti bánkì fara jọ ọ́. Bí ọjọ́ àdéhùn tilẹ̀ kọjá, bí ẹ bá kó gbogbo gbèsè pẹ̀lú èlé wá, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á, kí wọ́n dá ìwé yín padà. Ìwé kankan kò lè sọ pé ẹ kò ní rà á padà láéláé, kóòtù kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ti bánkì ti yàtọ̀ sí ti oko kòkó ni pé, bí bánkì bá ti bá ẹlòmíràn ṣe àdéhùn títà, ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn.

ÌGBÀ WO NI KÓÒTÙ LÈ GBÀ WÁ?

Ilé ẹbí. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kó ìwé ilé ẹbí lọ dógò tí olórí ẹbí kò mọ̀ sí i, òfin kò ka ìdógò náà sí. Bó bá jẹ́ olórí ẹbí ló dá a ṣe láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, ẹbí lè ní kí kóòtù fagi lé e, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ jáfara.

Ìtẹ̀ka. Òfin wà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá kọ ìwé fún un gbọ́dọ̀ kà á fún un ní èdè tó gbọ́ kó tó tẹ̀ka, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé náà. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́yà lè fi í jà. Ẹni tó mọ̀wé tó kàn buwọ́ lùwé láìkà á kò sí lábẹ́ ààbò yìí o.

Bánkì tó rú òfin. Bí bánkì bá tà á kí ọjọ́ tó pé, tàbí tó ta ilé fún ara rẹ̀, tàbí tó dìtẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó rà á, ẹ lè pè é lẹ́jọ́.

Bó bá wá jẹ́ iye owó nìkan lẹ ń bá wọn jiyàn lé lórí, ìyẹn kò ní dá títà dúró. Ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ ọ́ ní 1977 pé ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù dá bánkì dúró yóò kó owó tí bánkì ń béèrè wá sí kóòtù ná, kí ẹjọ́ tó máa lọ.

Ẹ SỌ́RA FÚN ÀWỌN ẸLẸ́NU DÍDÙN

Àwọn kan ń rìn kiri tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ìdààmú. Wọ́n á ní, "Ìyá, Gómìnà kò fọwọ́ sí i, ilé yín ti bọ́." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ní kí Gómìnà fọwọ́ sí irú ìdógò bẹ́ẹ̀, àti pé ní 1989 ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé ìdógò kan tí Gómìnà kò fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, àwọn adájọ́ kì í fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ti gba owó ná tán, tó tún wá ń fi àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe ààbò. Bí ìdógò tilẹ̀ wó, gbèsè kò wó. Ẹni bá yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbàafà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín. Gbèsè kì í ṣe olè. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí àdéhùn tó yẹ̀.

BÍ WỌ́N BÁ TI TÀ Á ŃKỌ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ èyí. Bí bánkì bá ta ilé, yóò yọ ìnáwó títà, yóò yọ gbèsè àti èlé rẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù, tiyín ni. Ẹ kọ̀wé béèrè ìṣirò. Bí owó náà kò bá tó gbèsè, ẹ̀yin náà lẹ máa san ìyókù.

Ìyá aláṣọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí ilé rẹ̀ gbà mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́yà kọ̀wé sí bánkì, bánkì ṣe ìṣirò, owó kan sì ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni kò bá má sọ fún un. Ó fi gba yàrá méjì, ó sì fi èyí tó kù ra ọjà. Ó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ èyí.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bi Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976, tàbí àwọn obìnrin lọ́yà tí wọ́n ń pè ní FIDA. Bí bánkì bá rẹ́ yín jẹ, ẹ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sun bánkì náà nínú ìwé. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí Báǹkì Àpapọ̀.

Kí a tó kó ìwé ilé lọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti àjọ wa. Láti 2017 òfin tún gbà kí ènìyàn fi ọjà, ẹ̀rọ tàbí ọkọ̀ dógò dípò ilé. Ọjà tó bá lọ, a tún lè rí òmíràn rà. Ilé tí a fi ogún ọdún kọ́, ibo la ti fẹ́ rí i?

Ẹni tí lẹ́tà bánkì bá sì ti dé bá, kó má fi ìtìjú pa ara rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ mú un wá sí ìsọ̀ akọ̀wé lọ́sẹ̀ tó bá dé gan-an. A ó jọ kà á, a ó sì bá yín dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀ kò ní dé etí ọjà.

Ẹ kú ọjà o. Ilé wa kò ní di ilé onílé.